Yógà, ìrìn ẹsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru: ohun tí ìwádìí ń sọ nípa eré ìmárale

Ọdọọdún ni àríyànjiyàn lórí yógà, ìmárale tó ti ilẹ̀ Íńdíà wá, máa ń gbóná lórí WhatsApp bí 21 oṣù Kẹfà bá ti ń sún mọ́lé. Ọjọ́ náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún yógà ní ìparí ọdún 2014, lẹ́yìn tí Narendra Modi, olórí ìjọba Íńdíà, mú àbá rẹ̀ wá. Ẹnì kan á fi fọ́tò àwọn tó tẹ́ ẹní sórí pápá ránṣẹ́. Ẹlòmíì á ní òrìṣà Íńdíà ni wọ́n ń bọ. Ẹni kẹta á ní yógà ti wo ẹ̀yìn ìyá òun sàn, kódà màmá ti kó oògùn BP wọn dànù. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ẹni kẹta yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yẹn kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 2008, ìgbìmọ̀ tó ń gbé fátíwà jáde ní Malaysia ní kí Mùsùlùmí jìnnà sí yógà tó bá ní ọfọ̀ àwọn Híńdù nínú. Ní 2017, Saudi Arabia, ilẹ̀ Mẹ́kà fúnra rẹ̀, kà á mọ́ eré ìdárayá. Ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ pọ̀ sí, fòfin dè é nílé ẹ̀kọ́ ìjọba láti 1993 títí di 2021. Àwọn òpìtàn kan tilẹ̀ sọ pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn ní jíìmù lónìí kò dàgbà tó bí a ṣe rò: ìlú Mysore ni T. Krishnamacharya ti tò ó pọ̀ láwọn ọdún 1930, tó sì da ìmárale ìgbàlódé mọ́ ti àtijọ́. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ò bá gbà á, kó fi sílẹ̀. Ìwádìí kò fi hàn pé ó pàdánù ohun tí kò lè rí níbòmíì.

Ẹ̀yìn dídùn ni ìwádìí yógà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, torí náà ibẹ̀ ló yẹ ká ti wò ó. Ní 2011, àwọn olùṣèwádìí kan ní Amẹ́ríkà kó èèyàn 228 tí ẹ̀yìn ń yọ lẹ́nu jọ, wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Àwọn kan ń ṣe yógà, àwọn kan kàn ń na iṣan ara lábẹ́ olùkọ́, wọ́n sì fún àwọn tó kù ní ìwé tó ń sọ bí èèyàn ṣe lè tọ́jú ẹ̀yìn rẹ̀. Ara àwọn oníyógà yá ju ti àwọn oníwèé lọ dáadáa. Àmọ́ ara àwọn tó kàn ń nara náà yá bákan náà, kò sí ohun tí yógà fi jù wọ́n lọ. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní Boston, wọ́n tún gbé irú rẹ̀ ṣe láàárín èèyàn 320. Púpọ̀ wọn kì í ṣe aláwọ̀ funfun, owó tó ń wọlé fún wọn ò sì tó nǹkan. Lọ́tẹ̀ yìí, fisiọtẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti oríkèé nílé ìwòsàn, ni wọ́n fi wé yógà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, yógà ò rẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fisiọtẹ́rápì.

Bí ìròyìn bá dúró síbẹ̀, a ó ní yógà ti borí. Ṣùgbọ́n àjọ Cochrane, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kó kó ìwádìí jọ kó sì gbọn ìkọ̀ọ̀kan yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, wo 21 ìwádìí lórí ẹ̀yìn dídùn tó ti pẹ́ lára, ó sì gbé èsì jáde ní 2022. Ó ní yógà sàn díẹ̀ ju kéèyàn máa ṣe eré ìmárale kankan lọ, àmọ́ ìrọ̀rùn náà kéré débi pé aláìsàn lè má fura. Bí a bá fi wé eré ìmárale mìíràn tó wà fún ẹ̀yìn, ó jọ pé kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe gbòógì nínú bí aláìsàn ṣe ń lo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sì wà lákọsílẹ̀ pé nínú àwọn tó ṣe yógà, ẹ̀yìn àwọn kan tún dùn sí i.

Ìṣòro kan wà nínú irú ìwádìí báyìí tí kì í sí nínú ti oògùn. Wọ́n lè fún èèyàn ní hóró tí kò ní nǹkan kan nínú láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ta ni wọn yóò fún ní yógà tí kò ní mọ̀ pé yógà lòun ń ṣe? Ẹni tó ti gbọ́ pé yógà dáa, tó wá rí olùkọ́ tó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, yóò ní ara òun yá, bóyá àwọn ìdúró yẹn ló fà á tàbí ìtọ́jú tó rí gbà. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí kan tó gbajúmọ̀ ní 2024 fi ń fẹ́ ìṣọ́ra. Wọ́n kó ìwádìí 218 jọ lórí eré ìmárale àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èèyàn tó lé ní 14,000 ló wà nínú wọn. Ìrìn tàbí eré sísá, yógà, àti gbígbé nǹkan wúwo ló ṣe dáadáa jù. Èsì tó dùn mọ́ni nìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é fúnra wọn sọ pé díẹ̀ péré nínú àwọn ìwádìí náà ló mọ́ délẹ̀. Èmi gbà pé eré ìmárale ń ran ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo lọ́wọ́. Èmi ò gbà pé ẹnikẹ́ni ti mọ bí ìrànlọ́wọ́ náà ṣe tóbi tó.

Orí bọ́ọ̀sì ni ọ̀rọ̀ eré ìmárale àti ìlera ti wọnú ìmọ̀ ìṣègùn ìgbàlódé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Jerry Morris, ń wá ohun tó fà á tí àrùn ọkàn fi ń mú àwọn ọkùnrin lọ lójijì. Ó yí ojú sí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Dírẹ́bà àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà fún ọ̀gá kan náà, ṣùgbọ́n dírẹ́bà á jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kọ̀ńdọ́kítọ̀ á máa gun àtẹ̀gùn lọ sókè, á sọ̀ kalẹ̀, láti gba owó ọkọ̀. Ní 1953, Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde pé àrùn ọkàn kì í ṣe kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó bó ṣe ń ṣe dírẹ́bà, bó bá sì ṣe é, kì í tètè pa á. Wọ́n wo àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ náà: àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn tàbí gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà sàn ju àwọn tó jókòó sídìí tábìlì.

Morris ò fi mọ síbẹ̀, ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó bi ara rẹ̀ pé ṣé ìjókòó ló fa àrùn ni, àbí irú àwọn èèyàn kan pàtó ló ń lọ ṣe dírẹ́bà? Ní 1956, wọ́n lọ tú àkọsílẹ̀ ìwọ̀n yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n ń rán fún àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ìbàdí ṣòkòtò àwọn dírẹ́bà tóbi ju ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ, kódà láàárín àwọn tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ìyẹn ni pé díẹ̀ nínú ìyàtọ̀ náà lè ti wà nílẹ̀ kí ìjókòó tó ṣe tirẹ̀ sí i. Ìbéèrè yìí gan-an ló yẹ ká máa bi gbogbo ìròyìn tó bá ní “àwọn tó ń rìn kì í tètè kú”. Ẹni tí ara rẹ̀ le ló ń jáde rìn. Ẹni tí àìsàn ti ń jẹ lábẹ́lẹ̀ ló jókòó sílé. Bí a bá wá ka òkú lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìrìn yóò gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. (Morris fúnra rẹ̀ máa ń sáré ní pápá Hampstead Heath nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń wo ẹni tó bá ń sáré láìsí ohun tó ń lé e bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. Ó kú ní 2009, ó ku oṣù díẹ̀ kó pé 100 ọdún. Ẹ má kà á sí ẹ̀rí o, ẹnì kan ṣoṣo ni.)

Àwọn ìyá wa lọ́jà máa ń fi ìtàn kọ̀ńdọ́kítọ̀ yìí dáhùn láìmọ̀. Wọ́n á ní: “Èmi tí mò ń dúró láti ìdájí, tí mò ń ru ẹrù, eré ìmárale wo lẹ tún ń wí?” Alábàárù ní Mile 12 tàbí ní Bódìjà náà lè bi wá bẹ́ẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ sì le ju bí a ṣe rò. Ní 2018, wọ́n kó ìwádìí 17 jọ tó kan èèyàn tó lé ní 193,000, ó sì yọjú pé láàárín àwọn ọkùnrin, ewu ikú àìtọ́jọ́ fi ìdá 18 nínú 100 ga sí i lára àwọn tí iṣẹ́ wọn gba agbára jù, ju lára àwọn tí tiwọn rọrùn lọ. Láàárín àwọn obìnrin, kò rí bẹ́ẹ̀. Andreas Holtermann ní Denmark wà lára àwọn tó ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ẹrù wúwo fún wákàtí púpọ̀ máa ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ga láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì sí àyè ìsinmi tó tó kí ara fi tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tó ń sáré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò dúró nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Alábàárù ò lè dúró, oníbàárà ń retí.

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì parí. Ní 2021, ìwádìí ńlá kan láti Norway ní, nígbà táwọn ṣírò owó ọ̀yà, ẹ̀kọ́ ìwé àti sìgá mọ́ ọn, àwọn ọkùnrin tí iṣẹ́ wọn gba agbára kò kú ṣáájú àwọn yòókù, wọ́n tilẹ̀ pẹ́ láyé díẹ̀ jù wọ́n lọ. Bóyá òṣì ló ń pa alábàárù, tí a wá ń fi ẹrù orí rẹ̀ jẹ́bi. Àmọ́ àwọn tí wọ́n wò nínú ìwádìí wọ̀nyí jẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù àti irú wọn, tó ní wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi tí òfin là kalẹ̀. Mi ò rò pé a lè gbé èsì èyíkéyìí nínú méjèèjì wá sí Mile 12 ká sì ní ó bá ibẹ̀ mu.

Nípa ìṣísẹ̀ 10,000 tí fóònù àti aago ń fi dà wá láàmú, orí ìpolówó ọjà ni nọ́ńbà yẹn ti wá. Lẹ́yìn Òlíḿpíìkì Tokyo ní 1964, ilé-iṣẹ́ Japan kan gbé ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ jáde, orúkọ rẹ̀ sì ń tọ́ka sí ìṣísẹ̀ 10,000. Nígbà tí I-Min Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wá wo nǹkan bí 17,000 obìnrin àgbà ní 2019, àwọn tó ń rin ìṣísẹ̀ 4,400 lójúmọ́ ti sàn ju àwọn tó ń rin 2,700 lọ, èrè ìrìn náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ lékún mọ́ lẹ́yìn 7,500. Àkójọ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Sydney ní 2025 fẹnu kò sí nǹkan bí 7,000. Ẹ rántí ìbàdí ṣòkòtò dírẹ́bà bí ẹ ti ń ka àwọn nọ́ńbà yìí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ò sọ̀rọ̀ ìṣísẹ̀. Ìmọ̀ràn tó gbé jáde ní 2020 ni pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú mímí yá díẹ̀, irú bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, tàbí kó fi ìdajì rẹ̀ ṣe èyí tó le gan-an, kó sì máa lo iṣan rẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti pé 65 tún nílò ohun tó ń kọ́ ara láti dúró ṣinṣin, kó má baà máa ṣubú. Òfin àtijọ́ tó ní ohun tí kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò kà ti kúrò níbẹ̀. Gígun bíríjì ẹlẹ́sẹ̀ dípò kéèyàn sáré ré títì kọjá wà nínú ìṣirò báyìí. Èèyàn bílíọ̀nù 1.8 ni àjọ náà ní kò dójú ìwọ̀n yìí ní 2022, ìyẹn àgbàlagbà 31 nínú 100.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló yẹ kó ká wa lára jù, torí rọpá-rọsẹ̀ ń mú èèyàn lójúmọ́ ládùúgbò wa. Àbájáde tó ya ọ̀pọ̀ dókítà lẹ́nu níbẹ̀ jáde ní 2023. Wọ́n kó ìwádìí 270 tí wọ́n fi kèké pín jọ, èèyàn 15,827 ló wà nínú wọn. Gbogbo irú eré ìmárale ló ń fa BP wálẹ̀. Eré sísá, ìrìn àti kẹ̀kẹ́ gígun ń yọ nǹkan bíi 4.5 kúrò nínú nọ́ńbà tòkè. Èyí tó ṣe dáadáa jù ni èyí tí èèyàn kì í kúrò lójú kan: ó yọ nǹkan bí 8. Kí èèyàn fi ẹ̀yìn ti ògiri, kó tẹ orúnkún bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga, kó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, kó sinmi, kó tún un ṣe títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Itan á máa gbọ̀n o. Èèyàn ò sì gbọdọ̀ sé èémí, torí èémí tí a sé máa ń ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sókè lójú ẹsẹ̀.

Mẹ́jọ yẹn sún mọ́ ohun tí oògùn BP kan ṣoṣo ń ṣe, ibẹ̀ sì ni ọmọ màmá tó kó oògùn dànù ti máa ń ṣìnà. Àwọn ìwádìí tó wà nídìí rẹ̀ kéré, wọn ò sì pẹ́, ọ̀pọ̀ ò ju oṣù díẹ̀ lọ. A mọ̀ pé oògùn BP ń dènà rọpá-rọsẹ̀, torí wọ́n ti tẹ̀ lé àwọn tó ń lò ó fún ọdún púpọ̀. Kò sí ẹni tó tíì tẹ̀ lé àwọn tó ń jókòó sára ògiri pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí màmá jókòó sára ògiri, kí wọ́n sì máa lo oògùn wọn. Bí BP bá lọ sílẹ̀ jù, dókítà ni yóò dín in kù.

Ti sísanra ló ń já àwọn èèyàn kulẹ̀ jù. Wọ́n á forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù lóṣù Kíní, nígbà tó bá fi máa di oṣù Kẹta, ìwọ̀n ò yẹ̀, wọ́n á pa á tì. Àwọn olùṣèwádìí láti yunifásítì Loyola ní Chicago fi àwọn obìnrin 149 ní abúlé méjì ní Nàìjíríà wé 172 obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Chicago àti agbègbè rẹ̀. Ìwọ̀n àwọn ti Chicago jẹ́ nǹkan bíi kílò 83, ti àwọn tibí jẹ́ nǹkan bíi 58. Gbogbo èèyàn ti rò pé iṣẹ́ oko àti omi pípọn ló fa ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n wá wọn agbára tí ara wọn ń jó nínú iṣẹ́ òòjọ́, tí wọ́n sì ṣírò bí ara ṣe tóbi tó mọ́ ọn, kò sí ìyàtọ̀ kan tó jọjú. Oúnjẹ ni wọ́n wá na ìka sí. Èyí ò sọ eré ìmárale di asán: nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà ní 2002, àwọn tí àtọ̀gbẹ ti fẹ́ wọ̀ lára, tí wọ́n ń rìn ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣọ́ ẹnu, fi ìdá 58 nínú 100 dín ewu àtọ̀gbẹ kù, nígbà tí metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, dín in kù pẹ̀lú ìdá 31. Àmọ́ rírìn àti ṣíṣọ́ ẹnu jọ wà níbẹ̀ ni.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó fẹ́ràn yógà, tí àwọn olùkọ́ kì í sábà sọ: ìdúró tó ń dorí kodò máa ń mú kí omi inú ẹyinjú fún pọ̀ sí i. Ìwádìí kékeré kan ní 2015 rí i lára àwọn tó ní glaucoma, àìsàn tó máa ń fọ́ ojú díẹ̀díẹ̀, àti lára àwọn tí ojú wọn dá ṣáṣá. Àìsàn ojú yìí pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ pé àwọn ní in títí ojú á fi fọ́ dé ìdajì. Kí ẹni tó bá ti lé ní 40 ọdún lọ yẹ ojú wò kó tó máa fi orí dúró.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo ìwádìí wọ̀nyí, èyí tó jáde ní Chicago lóṣù Kẹfà ọdún 2025 ni màá mú, kì í sì í ṣe ti yógà. Aláìsàn 889 ni, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí jẹjẹrẹ ìfun ńlá, tí wọ́n sì ti parí kẹmò, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ. Ilé ìwòsàn 55 ló kópa nínú rẹ̀, Kánádà àti Ọsirélíà ló pọ̀ jù. Wọ́n ṣẹ́ kèké. Ìdajì gba ìwé ìlera tó sọ pé eré ìmárale dáa. Ìdajì yòókù ní olùkọ́ tó ń bá wọn ṣe é fún ọdún mẹ́ta, tó ń pè wọ́n, tó ń bi wọ́n pé báwo ni tọ̀sẹ̀ yìí. Kò sí ohun àrà nínú ohun tí wọ́n ṣe, ìrìn kánmọ́kánmọ́ tó tó bíi wákàtí kan, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, ti tó. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àrùn ò tíì padà sára 80 nínú 100 àwọn tó ní olùkọ́, àti 74 nínú àwọn oníwèé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, 90 ṣì wà láyé níbí, 83 lọ́hùn-ún. Iṣan àti oríkèé dun àwọn tó ń ṣe eré ìmárale ju àwọn yòókù lọ, ó yẹ ká sọ ìyẹn náà.

Kèké ni wọ́n fi pín wọn, kì í ṣe àwọn tí ara wọn le ló yan eré ìmárale, torí náà ìbéèrè ìbàdí ṣòkòtò ò lè bà á jẹ́. Ìbéèrè tó kù ni ti owó. Níbi tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń fi owó àpò ara wọn san kẹmò, ta ni yóò san owó olùkọ́ fún ọdún mẹ́ta? Ìwé pẹlẹbẹ tó sọ pé eré ìmárale dáa ò wọ́n, ilé ìwòsàn èyíkéyìí lè tẹ̀ ẹ́ kó sì pín in. Àwọn tó gba ìwé yẹn nìkan wà nínú ìwádìí náà, a sì ti rí iye wọn tí àrùn náà padà sí lára.